Orí Karùn-ún: Bí Àdúgbò Ṣe Lè Jèrè Ohun Àjogúnbá Láì Bà Á Jẹ́

Kò sí àlejò tó dé Abẹ́òkúta tí kì í béèrè àpáta Olúmọ. Yóò sanwó ìwọlé, yóò gun òkè, yóò ya fọ́tò, yóò wo òrùlé páànù tó ti pọ́n bẹẹrẹbẹ títí dé ìhà odò Ògùn, yóò sì wọ mọ́tò padà sí Èkó. Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ. Nínú wákàtí méjì yẹn, ó lè jẹ́ omi tútù nìkan ni àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè rí tà fún un.

Owó tó ń yí àdúgbò padà kò sí lẹ́nu géètì tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wà nínú wákàtí tí àlejò bá lò lẹ́yìn tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkúta. Nítorí náà, nǹkan méjì ni gbogbo ìmọ̀ràn inú orí yìí ń lé: kí àlejò pẹ́ sí i láàárín yín, kí ohun tó wá wò sì wà bó ṣe wà fún ẹni tí yóò tún wá. Ohun àjogúnbá tí a fọ́ tà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó tà á. Èyí tí a tọ́jú, ọmọ-ọmọ wa yóò máa jẹ lára rẹ̀.

Àwọn tí a kọ orí yìí fún ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn baálẹ̀ àti olóyè, àwọn ìyálọ́jà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ atọ́nà jẹun. Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ìlú tó bá ní òkè, ọjà àtijọ́ tàbí ahoro lè lò ó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kó ara yín jọ

Kí Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ni akọni wọn, Lísàbí, ti fi hàn wọ́n bí àwọn tí kò lówó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ àáró ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ro oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́la. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló wá di ẹgbẹ́ Olórógun tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ àwọn ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìlú sì fìdí múlẹ̀, Ògbóni ń ṣòfin, Ológun ń ṣọ́ ìlú, Pàràkòyí sì ń mójú tó ọ̀rọ̀ òwò. Ẹ̀gbá ti mọ̀ tipẹ́ pé òwò kì í lọ déédéé bí kò bá sí ẹni tí wọ́n yàn tì í.

Ìgbìmọ̀ ẹni méje sí mẹ́sàn-án ti tó. Ẹ rí i pé àwọn wọ̀nyí wà níbẹ̀:

- ẹnì kan láti inú ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ni ilẹ̀, ojúbọ tàbí ilé tí àlejò yóò dé;
- àwòrò tàbí ìyá òrìṣà, bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi ìbọ;
- aṣojú ọlọ́jà àti aṣojú oníṣẹ́ ọwọ́, bí aláró, agbẹ́gilére tàbí amọ̀kòkò;
- olùkọ́ ìtàn kan láti ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí;
- ọ̀dọ́ méjì tó mọ fóònù lò, tó sì lè kọ ìwé ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí obìnrin tó ìdajì wọn, ó kéré tán. Ọwọ́ obìnrin ni àdìrẹ, oúnjẹ àti ọjà wà, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ ìgbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́. Ìlú yìí rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bu owó orí lé àwọn obìnrin láì gbọ́ tẹnu wọn. Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti darí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, kò sinmi títí Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba ìlú, fi fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Ìgbìmọ̀ tí kò bá gbọ́ tẹnu obìnrin kò ní pẹ́ tú ká.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ohun tí ẹ ní

Kí ẹ tó wá owó, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ rìn yí àdúgbò ká. Ẹ pín ohun tí ẹ bá rí sọ́nà mẹ́ta: ohun tó dúró sójú kan, ohun tí ọwọ́ ń ṣe, àti ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló ni ín? Ṣé wọ́n gbà kí àlejò dé ibẹ̀? Báwo ló ṣe rí lónìí? Irú àlejò wo ló lè wá a wá?

Ìbéèrè kẹrin ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mówó wá. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àlejò tirẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí ní Abẹ́òkúta:

Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ogun àti ìtẹ̀dó yóò wá Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn sá wá sí ní 1830. Ẹ fi àwọn yàrá inú àpáta tí wọ́n sá pamọ́ sí hàn án, àti ojú ibi tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lórí òkúta. Ẹ sọ fún un nípa odi ìlú, àti bí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ṣe kojú ìlú náà ní 1851 tí wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo, tí wọ́n tún dán an wò ní 1864.

Ọmọ ìjọ yóò wá Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ní Aké. Míṣọ́nnárì Townsend dé ìlú yìí ní 1843. Ní 1846, àlùfáà Àjàyí Crowther, tí wọ́n ti kó lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, bá ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta yìí kan náà.

Oníròyìn àti olùkọ́ èdè yóò wá ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, èyí tí í ṣe ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà yóò wá Aké nítorí Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n bí ní 1934, tó sì kọ ìwé nípa ìgbà èwe rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń wá ìtàn akọni obìnrin yóò béèrè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, àti Ẹfúnróyè Tinúubú tó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà náà ní ohun tó jẹ́ tiwọn níbí, ó sì dá mi lójú pé a kò tíì lò ó bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kejìlá 1859, Martin Delany àti Robert Campbell, ọkùnrin dúdú méjì tó ti òkè òkun wá, bá Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kí àwọn èèyàn wọn lè padà wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ yìí. Àdéhùn náà kò dúró. Síbẹ̀, ẹni tó ń wá orírun rẹ̀ yóò fẹ́ dúró sí ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí pátákó ní Aké ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ohun tó wà nínú ilẹ̀

Abẹ́òkúta kọ́ ni ìlú Ẹ̀gbá àkọ́kọ́. Nínú igbó Ẹ̀gbá, lápá ọ̀nà Ìbàdàn, ni wọ́n ń gbé kí ogun ọdún 1820 sókè tó tú wọn ká. Orílé ni wọ́n ń pe àwọn ibi ìbẹ̀rẹ̀ náà. Àwọn kan ti ní èèyàn nínú padà, bí Orílé-Ìlúgùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Òmíràn di oko, òmíràn di igbó. Ìtàn tí kò sí nínú ìwé wà níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ló sì mọ bí a ṣe ń kà á.

Àgbẹ̀ tó bá ń roko ló máa ń kọ́kọ́ rí àmì. Ẹ kọ́ àwọn èèyàn yín kí wọ́n dá ìwọ̀nyí mọ̀: àpáàdì tó pọ̀ lójú kan; ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí irin dúdú tó wúwo, tó ń fi hàn pé wọ́n ti yọ irin tàbí rọ ọ́ níbẹ̀; ọlọ àti ọmọ ọlọ; òkìtì ààtàn àtijọ́; yàrà tó yí ibi kan ká; àti igi osè, akòko tàbí pèrègún tó dá dúró láàárín igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́.

Bí ẹ bá rí àmì bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ má wú u, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé e lọ sílé. Ìkòkò tí a bá nínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú lè sọ ọjọ́ orí ìlú fún wa, torí pé èédú ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ iye ọdún. Bí a bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, ìkòkò lásán ló kù.
2. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tí gbogbo ènìyàn mọ bó ṣe tóbi tó, bíi bírò tàbí bàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
3. Ẹ jẹ́ kí fóònù sàmì sí ojú ibẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ oko àti ìdílé tó ni ín.
4. Ẹ má gbé e sórí Facebook. Àwọn olè tó ń jí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń ka Facebook pẹ̀lú.
5. Ẹ fi tó baálẹ̀ àti ilé iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta létí.

Òfin tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé (NCMM) sílẹ̀ ní 1979 ló wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn ìkẹ́yìn yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láì gbàṣẹ. Wọn kò gbọdọ̀ kó o jáde kúrò lórílẹ̀-èdè yìí láì gba ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á. Ẹni tó bá wá fi owó rẹpẹtẹ lọ ìdílé yín fún ère tàbí ìkòkò àtijọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ló fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun dá.

Báwo wá ni ìwalẹ̀pìtàn ṣe ń mówó wá? Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ pè wọ́n pé kí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá kọ́ṣẹ́ ní orílé yín. Nígbà tí wọ́n bá ń walẹ̀, wọn yóò nílò ibùsùn, oúnjẹ, alágbàṣe àti ọlọ́kadà. Ìyẹn kò pẹ́ rárá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Èrè tó ń pẹ́ ni èyí tó ń tẹ̀lé e: yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé tí fọ́tò, àwòrán ilẹ̀ àti ìtàn ohun tí wọ́n rí wà, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti ìlú yóò máa san owó díẹ̀ wá wò. Kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ ni kí ẹ ti bá wọn ṣe àdéhùn, lórí ìwé, pé ẹ̀dà ìròyìn iṣẹ́ náà yóò padà sọ́wọ́ àdúgbò, àti pé wọn yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ìlú ní Yorùbá.

Ewu tó súnmọ́ jù ní Ọ̀dẹ̀dá ni àwọn tó ń fọ́ òkúta. Òkúta tí wọ́n fọ́ di gíráfẹ́ẹ̀lì kò lè di òkúta mọ́, ohunkóhun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ti bá a lọ. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 fún ará ìlú láǹfààní láti sọ tẹnu wọn kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lò ó. Ìwé tí ẹ fi ka ohun tí ẹ ní, pẹ̀lú fọ́tò, ni ẹ̀rí tí ẹ ó gbé lọ síwájú ìjọba.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ la ọ̀nà fún ẹsẹ̀ àlejò

Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Abẹ́òkúta, ní Láderin, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè. Ará Èkó lè jáde láàárọ̀ kó sì padà sílé lálẹ́ láì rí gosíló. Ẹni tí ẹ ń wá nìyẹn. Ẹ ṣètò ọjọ́ rẹ̀ fún un kó tó dé.

Àpẹẹrẹ ọ̀nà kan tí ẹsẹ̀ lè rìn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ gun Olúmọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006. Bí àgbàlagbà bá wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹ fóònù lọ ṣáájú kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀, ẹ gba àárín àdúgbò kọjá, kì í ṣe títì, kí àlejò rí agbo ilé àti ilé àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wá láti Sierra Leone. Ẹ yà lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére ní Ìtòkò, níbi tí ìdílé Adúgbológè ti sọ ère egúngún gbígbẹ́ di iṣẹ́ tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù òkè òkun ń kó jọ. Ẹ bọ́ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹ jẹun ọ̀sán. Ẹ wá parí rẹ̀ sí Aké: kàtídírà, gbọ̀ngàn Centenary tí wọ́n kọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú ní 1930, àti ẹnu ọ̀nà ààfin.

Wákàtí méjì ti di mẹ́fà tàbí méje, ọ̀nà márùn-ún ni owó sì ti gbà wọlé dípò ẹyọ kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló ń ba irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ tètè bójú tó wọn. Ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́, tó ní omi àti ọṣẹ, ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí, àwọn obìnrin àti àgbàlagbà kò ní dúró. Ẹ wá ibi ìjókòó lábẹ́ ìbòòji. Ẹ kọ iye owó sára ògiri, kí ará Èkó, ará Abẹ́òkúta àti òyìnbó rí iye kan náà. Ẹ ní POS àti ṣéńjì lọ́wọ́. Ẹ fún atọ́nà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí orúkọ àti fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá àlejò dúró lójú ọ̀nà gba owó tí kò tọ́.

Ẹ bọ̀wọ̀ fún ohun tó jẹ́ mímọ́. Ojúbọ kì í ṣe ilé sinimá. Ẹ bi àwòrò léèrè ibi tí kámẹ́rà lè dé àti ibi tí kò lè dé, ọjọ́ wo ni àlejò kò gbọdọ̀ wá, àti ohun tó yẹ kí wọ́n wọ̀. Ọjọ́ Orò ńkọ́? Kí obìnrin tó sanwó ni kí ẹ ti sọ fún un, kó má jẹ́ pé ó dé tán kí wọ́n tó ní kó wọlé tìlẹ̀kùn mọ́rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àdìrẹ, iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹnu

Nínú gbogbo àjogúnbá Ẹ̀gbá, àdìrẹ ló ń fi owó sọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ jù lójoojúmọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà pa owó náà.

Àkọ́kọ́ ni títa aṣọ, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìkejì ni títa ìmọ̀. Àlejò tó ra ọ̀pá méjì yóò san owó lọ. Èyí tó jókòó fún wákàtí kan, tó fi iko di aṣọ tirẹ̀, tó rì í sínú aró, tó sì rí i bó ṣe ń yí láti àwọ̀ ewé sí búlúù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì sọ fún ogún ènìyàn. Ẹ ní àga kékeré, ibọ̀wọ́, épírọ́ọ̀nù àti aṣọ tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Ẹ fi oríṣi mẹ́ta hàn án: oníko tí wọ́n dì, alábẹ́rẹ́ tí wọ́n rán, àti ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi láfún pò, tí wọ́n sì fi ìyẹ́ tàbí páànù tí wọ́n gé ní ọnà ya sára aṣọ. Lílo páànù yìí jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n mọ Abẹ́òkúta mọ́.

Ìkẹta ni títa ìtàn aṣọ náà. Lónìí, ayédèrú àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ Ṣáínà ń wọ ọjà, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á. A kò lè bá ẹ̀rọ díje lórí owó pọ́ọ́kú. Ohun tí ẹ̀rọ kò ní ni orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ aláró bó bá fọwọ́ sí i, àdúgbò rẹ̀, irú àdìrẹ tó jẹ́, ẹlú ni o tàbí aró ìgbàlódé, àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ aró ìgbàlódé, ẹ má pè é ní ẹlú. Irọ́ kan péré lè ba orúkọ gbogbo ọjà jẹ́.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọjà kò yá, ọ̀pọ̀ aláró ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í lo sódà líle àti aró òyìnbó. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ ń ya, pé aró ń ṣí. Aláké fòfin de àwọn èròjà náà, àwọn aláró sì bá a fà á títí ọ̀rọ̀ fi dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé kí àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ aláró yan ìyá mẹ́ta tí yóò máa fi omi dán aṣọ wò kí wọ́n tó lẹ ìwé mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí omi aró yóò máa lọ, kó má ṣe ṣàn sínú odò tí ènìyàn ń pọn, kí ẹni tó bá ń ṣe é pẹ̀lú sódà má sì ṣiṣẹ́ láì wọ ibọ̀wọ́.

Fún àwọn agbẹ́gilére, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sí ìdí ère tuntun. Ìyẹn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á bí ohun àtijọ́. Ẹ sì sọ fún oníbàárà tó ń lọ sókè òkun pé kó lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NCMM, kí wọ́n má bàa gba ère lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Oúnjẹ

Oúnjẹ ilẹ̀ wa gan-an jẹ́ àjogúnbá. Láfún funfun pẹ̀lú ewédú, àti ìrẹsì Òfadà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú tiwa ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ni kí ẹ gbé ka iwájú àlejò, kì í ṣe ìrẹsì ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ṣì ń ro oko rẹ̀ nítòsí, nítorí náà owó oúnjẹ yóò dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ yan ilé oúnjẹ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ́, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àáró, kí ẹnì kan má bàa dá jẹ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ́ àwọn atọ́nà

Atọ́nà tó bá há ọ̀rọ̀ sórí máa ń sú àlejò. Ẹ kọ́ wọn ní nǹkan mẹ́rin: ọdún àti orúkọ tó dájú, ìtàn ìdílé tiwọn nínú ìlú, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ kí àlejò lè wo nǹkan, àti bí wọ́n ṣe ń sọ òtítọ́ nígbà tí ìtàn bá yàtọ̀. Ẹ̀gbá Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ló ní ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìtẹ̀dó ìlú, wọn kò sì dọ́gba. Kí atọ́nà sọ pé, “Báyìí ni a ṣe gbọ́ ọ nílé wa, àwọn ara wa ní àdúgbò kejì sì ń sọ ọ́ báyìí.” Ẹ tún lo fóònù láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìtàn tó bá àgbà lọ kò sí nínú ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ pín owó ní gbangba

Owó ló ń tú ìgbìmọ̀ ká ju ohunkóhun lọ. Ẹ fẹnu kò lórí ìpín kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ: àlejò mẹ́wàá san ₦10,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ jẹ́ ₦100,000. A lè pín in báyìí:

- atọ́nà àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀: ₦25,000
- ilé oúnjẹ: ₦25,000
- aláró tó kọ́ wọn níṣẹ́: ₦25,000
- ìdílé tàbí ojúbọ tí wọ́n dé: ₦10,000
- àpò ìtọ́jú: ₦15,000

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá nínú àpò ìtọ́jú. Òun ni ẹ ó fi tún àtẹ̀gùn ṣe, tí ẹ ó fi gbá gọ́tà, tí ẹ ó fi san owó ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lóru. Kí ènìyàn mẹ́ta máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde ní báńkì, kí akọ̀wé sì ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ará àdúgbò lóṣooṣù. Bí ẹ bá nílò owó ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lo èsúsú tàbí àjọ láàárín ara yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá dá owó sí i kò ní jẹ́ kó bàjẹ́.

Ẹ kọ́gbọ́n lára àwọn mìíràn

Ní Òṣogbo, Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà gba igbó Ọ̀ṣun lọ́wọ́ ìparun, UNESCO sì gbà á sínú àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ ń kún ilé ìtura àti ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀. Igbó tí ẹ bá dáàbò bò kò tó, bí ẹ kò bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lápá òkè rẹ̀.

Ní San José de Moro, abúlé kan ní Peru tí àwọn onímọ̀ ti ń wú ibojì àwọn ará Moche àtijọ́, owó díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ fún àwọn amọ̀kòkò àti ibi ìgbàlejò. Àwọn amọ̀kòkò náà ń mọ ìkòkò tuntun lọ́nà ti àtijọ́ fún títà. Nígbà tí abúlé rí i pé owó ń wá láti ara ibojì tí a kò fọ́, ìdí tí wọ́n fi ń wú u jí ti dínkù. Ohun tí a fẹ́ fún àwọn orílé wa nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́

Oṣù kìíní: ẹ yan ìgbìmọ̀, ẹ sì ṣí àkáǹtì.
Oṣù kejì: ẹ ka ohun tí ẹ ní, ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i.
Oṣù kẹta: ẹ bá ìdílé, àwòrò, NCMM àti ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda sórí ìwé.
Oṣù kẹrin: ẹ kọ́ atọ́nà mẹ́rin, ẹ tún ilé ìyàgbẹ́ ṣe, ẹ tẹ ìwé ara aṣọ.
Oṣù karùn-ún: ẹ pe àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan àti àwọn ará Abẹ́òkúta fúnra wọn wá rìn ín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ béèrè ohun tí kò dára.
Oṣù kẹfà: ẹ gba àlejò tó ń sanwó, kí wọ́n má ju mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dọọdún, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta níwájú gbogbo àdúgbò. Ṣé àlejò ń pẹ́ sí i ju ti èṣí lọ? Ṣé ilé tí owó ń dé ti pọ̀ sí i? Ṣé ohun àjogúnbá náà ṣì rí bó ṣe rí nínú fọ́tò oṣù kejì? Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn ná, ẹ ná àpò ìtọ́jú sí i, kí ẹ tó gba àlejò mìíràn.